Ọjà Ọ̀yìngbò àti Ọjà Ìwé Ẹ̀rí

Àwọn àgbà Èkó a máa wí pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá, ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí oòrùn bá ti là sórí Èbúté Mẹ́ta, tí aláta ti pa àtẹ, tí àwọn ẹlẹ́ja ti to ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi igi gún ìrù rẹ̀ mọ́ orí kalẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ráyè béèrè ẹni tí àìsàn dá dúró sílé. Ní ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ àbúrò mi obìnrin kan, tíṣà ni láti ọdún mẹ́fà wá, pàdé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù méjì nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀kan wà fún oyè másítà nínú ìmọ̀ ìkọ́ni. Ìkejì wà fún oyè másítà nínú iṣẹ́ wẹ́líféà, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú ọmọ tí kò ní alábòójútó àti ìdílé tí nǹkan dàrú mọ́ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, èwo ni kí n fi owó àjọ mi san nínú méjèèjì? Èwo ni wọn yóò sì kà sí fún mi bí mo bá parí rẹ̀?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ìkejì ni ó mú mi dákẹ́, nítorí pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń bi í lórí ilẹ̀ tí a dúró lé yìí.

Ní ọdún 1867 ni àwọn Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, lé àwọn òyìnbó ajíyìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì bá wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí Èkó, Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, tí Glover, tí ń ṣe olórí ìjọba Èkó nígbà náà, sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta láti tẹ̀dó sí. Kì í ṣe ẹrù àti ọmọ nìkan ni wọ́n gbé bọ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ C.M.S. ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù náà bá ogun ọ̀hún wá sí Èkó. Ibí ni ó wà títí di ọdún 1896 tí wọ́n fi gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, tí ó di St. Andrew's College, tí àwọn ọmọ ìjọ náà tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ sì ní láti dágbére fún òkun kí wọ́n forí lé inú igbó. Ní ọdún 1905 ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì tó láti kọ́ ọmọ ní a, b, d, ó sì tó láti gbé ènìyàn dé ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe dìgírì.

Ẹni tí ó bá ń wá dìgírì nígbà náà ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sàró, sí Fourah Bay College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1827, tí Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Yunifásítì Durham sì bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1876. Ibẹ̀ ni Henry Carr, tí a bí sí Èkó ní ọdún 1863, ti gba B.A. rẹ̀ ní ọdún 1882. Ó padà wá di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ìjọba fi ṣe alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ a sì máa gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ọkùnrin náà ni pé kò fi dìgírì ṣe òpin ìwé kíkà: ìwé ni ó ń rà títí ó fi kú ní ọdún 1945, àwọn ìwé ọ̀hún sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wà lára ohun tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé rẹ̀.

Nígbà tí Carr ṣì wà láyé ni ìjọba wá gbé ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé ẹsẹ̀ ilé wa. E. R. J. Hussey, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́, ni ó gbìmọ̀ Higher College ti Yábàá, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1932, tí wọ́n sì ṣí ní gbangba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934. Láti Ọ̀yìngbò, ẹsẹ̀ lè rìn ín débẹ̀ kí òógùn tó mú ni. Wọ́n ń kọ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ti igbó, wọ́n ń kọ́ ẹnjiníà, wọ́n sì ń kọ́ olùkọ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ wo ọmọkùnrin kan tí ó borí ìdánwò ìwọlé tí ó le bí ojú ẹja, tí ó fi ọdún púpọ̀ ka ìwé lábẹ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dunjú, tí ó jáde tán, tí ó wá rí i pé ìwé ẹ̀rí ọwọ́ òun kò ní láárí bí òun bá ti kọjá ẹnu ibodè Nàìjíríà, àti pé òyìnbó tí ó ti ìlú rẹ̀ wá pẹ̀lú dìgírì ni yóò máa jẹ́ ọ̀gá òun, tí owó oṣù ẹni náà yóò sì máa ga ju ti òun lọ, ìbáà ṣe pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn ará Èkó ti wò ó láti òkèèrè, wọ́n sì ti pariwo kí àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ náà tó jáde. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, H. O. Davies àti Dókítà J. C. Vaughan fi dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1934, ẹgbẹ́ tí ó di Nigerian Youth Movement nígbà tí ó ṣe, tí ó sì mi ìjọba tìtì.

Àwọn kan lónìí ń fi àwọn baba wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń du, wọn kò du ìmọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá fún ní ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀, tí a wá fi ìwé ẹ̀rí tí kò jinlẹ̀ tì í lọ́wọ́, a ti rẹ́ ẹ jẹ, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí ó ké. Láàárín ìgbà náà, àwọn tíṣà mìíràn di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ilé: wọn a fowó ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọn a gba ẹ̀kọ́ nínú lẹ́tà, wọn a sì fi àtùpà elépo kà á di òru kí wọ́n lè jókòó fún ìdánwò Yunifásítì London. Báyìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba B.Com. tirẹ̀ ní ọdún 1944. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1948, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yábàá lọ sí Ìbàdàn láti fi bẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, dìgírì London sì di ohun tí ọmọ lè jókòó ní kíláàsì gbà láìwọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn tí ó wọ ọkọ̀ náà ńkọ́? Kofoworola Moore, ọmọ Èkó, gba dìgírì ní Oxford ní ọdún 1935, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà wálé, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Queen's College. Babatunde Fafunwa, tí a bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1923, kọrí sí Amẹ́ríkà ní tirẹ̀. Ó ka ìwé ní Bethune-Cookman College ní Florida, ilé-ẹ̀kọ́ tí obìnrin dúdú kan dá sílẹ̀, kí ó tó lọ sí Yunifásítì New York, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1955, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò ní irú rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ fi ń yọ ṣùtì sí ìwé ẹ̀rí Amẹ́ríkà, wọ́n ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, ọkùnrin tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé fọ́ọ̀mù kejì. Ìtàn tirẹ̀ wà nínú ọjà Ọ̀yìngbò gan-an, àti ní Ìddó lẹ́bàá rélùwéè, níbi tí àwọn ọmọkùnrin aláìnílé ti ń sùn nígbà ogun Hitler, tí àwọn kan nínú wọn tí a ń pè ní bóómà bọ́ì sì ń mú àwọn atukọ̀ àti sójà kiri ìlú. Ní ọdún 1941 ni ìjọba gbé òyìnbó kan tí ń jẹ́ Donald Faulkner sí ipò alámòójútó wẹ́líféà ní Èkó. Ní ọdún 1943 ni òfin àwọn ọmọdé jáde. Lẹ́yìn ogun, òyìnbó obìnrin kan, Alison Izzett, dé láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà ni ó ká wọn lára jù, nítorí pé lójú tiwọn, ọmọ tí ó gbé igbá jáde lálẹ́ kò jìnnà sí ọmọ tí a ti sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ náà dáadáa. Ó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, òṣùká wà lórí rẹ̀, àtẹ ẹ̀pà wà lórí òṣùká, agolo kékeré tí ó fi ń wọn ẹ̀pà sì dojú dé lórí rẹ̀. Ó ti mọ iye tí ó kù fún oníbàárà kí oníbàárà tó na owó tán. Ó mọ ilé tí a lè tà fún láwìn àti èyí tí a kò gbọdọ̀ yà. Ó mọ agogo tí ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ọ̀nà. Èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, bí ewu tilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ewu náà kì í sì í ṣe kékeré. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n mú un lọ síwájú adájọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà kò lè lóye ẹ̀sùn ọ̀hún títí ó fi kú.

Òyìnbó wọ̀nyí kì í ṣe ìkà. London ni wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ wẹ́líféà, ní London School of Economics láti ọdún 1912, bí àwọn ìdílé London sì ti rí ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìwé tí ì bá là wọ́n lọ́yẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nathaniel Akinremi Fadipe, ọmọ Yorùbá tí ó ti gba oyè másítà ní Columbia ní ọdún 1931, kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì London ní ọdún 1939 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń gbé: ẹbí, agboolé, ọmọ títọ́, òwò àwọn obìnrin. Fadipe kú ní ọdún 1944. Kò sí ẹni tí ó tẹ ìwé náà títí di ọdún 1970 tí àwọn onímọ̀ méjì tí ń jẹ́ Okediji tún un tò, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì gbé e jáde. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú àpótí ni ẹ̀ṣọ́ tiwa wà.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ kún ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ kò tó. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, jábọ̀ ní ọdún 1960 pé kí a tètè wá wọn. Wọ́n sì dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1962. Láti ọdún 1993 ni òfin ti wà pé kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí a dá sílẹ̀ fún un, ẹni tí dìgírì rẹ̀ kò bá sì jẹ́ ti ìkọ́ni ní láti lọ gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni kún un.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ àbúrò mi, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi, nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ní kí ó béèrè ní ọ́fíìsì méjèèjì bóyá ìjọba fọwọ́ sí ìwé wọn, kí ó má ṣe tijú, nítorí ohun tí ìyà rẹ̀ jẹ àwọn ọmọ Yábàá nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo bi í pé nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ta ni ó máa ń rò lọ́wọ́ alẹ́ nígbà tí oorun kò bá kùn ún. Kò rò ó rárá kí ó tó dáhùn. Ó ní ọmọbìnrin kan ni, tí kì í wá ní ọjọ́ ọjà, tí òun ti lọ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì láìbá ẹnìkan. Mo ní kí ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta kí ó tó kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù kankan. Fọ́ọ̀mù méjèèjì ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, láìkọ nǹkan sí i, nígbà tí ó gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ Ọ̀yìngbò láti wọ rélùwéè tí ń lọ sí Àgbádó.