Èdè Jámánì Lẹ́yìn Àádọ́ta Ọdún: Ọ̀rọ̀ Nípa Frobenius Àti Hinderer



Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó jókòó ti ìwé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, èmi nìkan ni irun rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá ni àwọn yòókù ń pè mí. Kì í ṣe ìrìn-àjò ni ó gbé mi débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí Leo Frobenius kọ nípa Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1913 ni mo ń kà. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Bí ẹnìkan bá ń kọ́ni ní ìwé Fágúnwà láì gbọ́ Yorùbá, ǹjẹ́ a kò ní bi í léèrè ta ni ó rán an níṣẹ́?

Orúkọ ìwé náà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ní 1912, Und Afrika sprach ni Frobenius pè é. Ẹni tí ó ti kọ́ èdè Jámánì fún oṣù mélòó kan yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni sprach: spricht ni ti ìsinsìnyí, sprach ni ti àná, fáwẹ̀lì inú rẹ̀ ni ó yí padà. ‘Áfíríkà sì sọ̀rọ̀’ ni ó ń wí. Olùtumọ̀ sọ ọ́ di ‘Ohùn Áfíríkà’. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Ẹni tí ó ní ohùn lè dákẹ́. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ti sọ nǹkan, a sì lè béèrè ohun tí ó sọ àti ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Orúkọ ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ni ó dá mi lágara: Auf den Trümmern des klassischen Atlantis. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ọ̀rọ̀ kékeré nì, den, jìjàkadì. Ìwé mi ti sọ fún mi pé akọ ni, pé ẹyọ ni, pé àbọ̀ ni a ń lò ó fún. Lẹ́tà n tí ó wà ní ìparí Trümmern ni ó là mí lójú pé ọ̀pọ̀ ni den ń tọ́ka sí níbẹ̀. Èdè tiwa, tí ó fi ‘ó’ kan ṣoṣo pe ọkùnrin, obìnrin àti àga, kò pèsè mi sílẹ̀ fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

‘Lórí àwókù Atlantis àtijọ́’ ni gbólóhùn náà ń wí. Ní ìparí 1910 ni ọkùnrin yìí dé Ifẹ̀. Ọọ̀ni wà lórí ìtẹ́, àwọn àwòrò ń bọ òrìṣà, ọjà ń kún, ó ń tú. Síbẹ̀ àwókù ni ó rí. Nígbà tí wọ́n fi orí idẹ Olókun hàn án, ẹwà rẹ̀ kọjá ohun tí ó gbà pé àwọn baba wa lè ṣe. Ó ní Poseidon àwọn ará Gíríìkì ni Olókun í ṣe. Ó fẹ́ gbé orí náà lọ, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1938 ni a hú orí idẹ lọ́pọ̀lọpọ̀ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Kò sí onímọ̀ kan tí ó ṣe é gbọ́ tí ó tún ń wá Gíríìkì kiri ní Ifẹ̀ mọ́.

N kò sọ pé kò ní oore kankan. Senghor àti Césaire kà á ní èdè Faransé nígbà èwe wọn, orí wọn sì wú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní Áfíríkà sọ̀rọ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹnu ògbufọ̀ ni ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ibì kan wà tí èdè Jámánì ti bá wa lára mu. Du ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Sie ni wọ́n ń pe àgbà àti àlejò. Sie yìí, ‘wọ́n’ gan-an ni, lẹ́tà ńlá ni ó fi yàtọ̀. Ẹni tí ó ń sọ pé ‘Wọ́n ti dé’ nígbà tí bàbá rẹ̀ nìkan wọlé kò nílò àlàyé púpọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń rò ó pé èyí yóò ti ran David Hinderer lọ́wọ́.

Ọmọ Württemberg ni Hinderer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS. Ó fìdí kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1853, ní Kúdẹtí, ó sì wà níbẹ̀ títí ogun Ìjàyè fi jà tí ó sì tán. Kò mọ ‘bá’ yàtọ̀ sí ‘bà’ nígbà tí ó dé ilẹ̀ wa, ìwé atúmọ̀-èdè tí ó lè rí kò sì pọ̀ ju ti Crowther lọ. Ṣùgbọ́n ní 1866 ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ìwé Bunyan jáde, Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Ará Jámánì túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá: èdè àbínibí rẹ̀ kò sí nínú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti tọ́ka sí ipa ìwé yìí lára ìrìn-àjò inú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọdún kan náà tí a hú àwọn orí idẹ. Iṣẹ́ ìjọ ni ó bá wá, n kò sì gbàgbé ohun tí ìjọ náà sọ nípa òrìṣà wa. Síbẹ̀ ó jókòó, ó kọ́ èdè, wọ́n sì tún un ṣe ní ẹnu.

Ní tèmi, mo ṣì wà nínú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní. Nínú awẹ́ gbólóhùn afarahẹ èdè Jámánì, ìparí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń jókòó sí. Nítorí náà, mo máa ń rí Frobenius, mo máa ń rí Ifẹ̀, mo máa ń rí orí Olókun, kí n tó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe.