Àwọn Obìnrin Tí Ó Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà Ààfin Aláké

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa da ìjà owó-orí méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni Ogun Adùbí, ní ọdún 1918. Ìbọn ni wọ́n fi ja ìyẹn. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n pa Òṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ìjọba sì kó ọmọ-ogun tì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó bá a lọ, owó-orí kò sì torí bẹ́ẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ìjà kejì ni ti àwọn obìnrin, láti 1947 sí 1949. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 yóò san, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin ń dúró di 16. Ta ni yóò sì mọ ọjọ́ orí ọmọ tí a kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀? Àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti fi mọ̀ bóyá ó ti tó san. Lójú tèmi, àbùkù yìí dun àwọn ìyá ju iye owó lọ. Kò sì sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bu owó náà fún wọn.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ó ṣíwájú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin tí ó dá sílẹ̀ di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, àwọn ọlọ́jà sì rọ́ wọ inú rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣèpàdé, ìró àti bùbá ni olórí wọn ń wọ̀. Nígbà tí wọn kò gbà wọ́n láyè láti wọ́de, wọ́n ní àríyá ni àwọn ń lọ ṣe. Ó tilẹ̀ kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú.

Ní òpin oṣù Kọkànlá 1947, obìnrin tí ó lé ní 10,000 sùn síwájú ààfin. Ní oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá, wọn kò sì dìde títí a fi tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a tì mọ́lé sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n jókòó o: orin èébú tí wọ́n kọ kò ṣeé kọ sínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ohun ìjà. Ìjọba tí ó mọ bí a ti í yìnbọn lu ọlọ́tẹ̀ kò mọ ohun tí yóò fi ìyá arúgbó tí ó tẹ́ ẹní ṣe, nígbà tí ọjà sì ti dá páropáro.

Àwọn Ògbóni, tí agbára tí Òyìnbó gbé lé Aláké nìkan lọ́wọ́ ti ń bí nínú tipẹ́, náà yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ó sì kọ̀wé fi oyè sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ní oṣù Kejìlá 1950 ni ọba padà wá, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí ó fi wàjà ní 1962.