Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Níbo Ni Nọ́ọ̀sì Èkó Ń Sinmi Sí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Ṣùgbọ́n bí oko bá wà ní Ìdí-Àràbà, tí ilé wà ní Mòwé tàbí Ìbàfò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbo ni ìsinmi wà? Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru bá bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀, ìrìn-àjò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Yóò wọ dáńfó, yóò jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, oòrùn yóò sì ti ga kó tó kan ilẹ̀kùn ilé. Kí oorun tó dùn, ó ti tó àkókò láti padà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ lọ sílé. Igun kan nínú ilé ìwòsàn ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ sí, tí wọ́n á sùn di ìgbà tí iṣẹ́ tún kàn wọ́n.

Ẹni tó ń tọ́jú Èkó kò rí ibi gbé ní Èkó. Báwo la ṣe dé ibí yìí? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìlera ti so kọ́ra wọn ní Èkó. Ní 1924, àrùn burúkú kan tí eku àti eégbọn ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọba amúnisìn rí i pé ilé tí ó há, tí ènìyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ni àrùn náà fi ṣe ibùba. Ní 1928, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa tún Èkó ṣe, èyí tí a mọ̀ sí LEDB. Àjọ yìí ló la àdúgbò tuntun sí Yábàá. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ń sùn jẹ́ ara ìtọ́jú rẹ̀.

Ní 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó ní afẹ́fẹ́, owó rẹ̀ kò sì gani lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Peter Marris ṣe ìwádìí lórí àwọn tí wọ́n kó lọ, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò láyọ̀. Ọjà àti iṣẹ́ wọn ṣì wà ní erékùṣù. Owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n run, àwọn ẹbí tó ń gba ara wọn mọ́ra sì ti fọ́n káàkiri. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tíì di ògbólógbòó: ilé tó jìnnà sí iṣẹ́ kò pọ́n gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀ ti kéré tó. Ẹni tó yá ilé olówó pọ́ọ́kú ní ẹ̀yìn odi ìlú ń san ìyókù owó náà fún awakọ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti nọ́ọ̀sì, ìṣòro yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kan àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà ayé wọn, ilé jẹ́ ara iṣẹ́. Nígbà tí Kofoworola Abẹ̀ní Pratt lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó jẹ́ àṣà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì máa gbé inú ilé tí ilé ìwòsàn pèsè fún wọn. Òun ni ó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mètírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí a kọ́ sí ilẹ̀ wa tẹ̀lé àṣà náà. Kọ́tàsì àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú ọgbà. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀, nítorí òfin tó le ló ń darí ilé bẹ́ẹ̀, kò sì rọrùn fún abilékọ. Síbẹ̀, ẹni tó jáde nínú iṣẹ́ òru kò ní ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó dé orí ibùsùn.

Ọ̀nà kejì tí àwọn àgbà wò ni owó oṣù. Ní 1963, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyínká Morgan kalẹ̀ láti yẹ owó òṣìṣẹ́ wò. Ìgbìmọ̀ náà dábàá pé owó oṣù tó kéré jù kò gbọdọ̀ jẹ́ bákan náà káàkiri. Wọ́n ní kí ti Èkó jẹ́ pọ́ùn 12, kí ti àwọn ibòmíràn sì dín sí i, nítorí àtijẹ àtimu àti owó ilé Èkó ju ti ibòmíràn lọ. Ìjọba gé owó náà kù, àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹfà 1964. Lóòótọ́, àwọn tí owó wọn kéré jù lọ ni àbá náà dá lé. Ṣùgbọ́n ìlànà inú rẹ̀ ṣe pàtàkì: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ọ̀wọ́n, kí a fi ti ìlú ọ̀wọ́n ṣírò owó rẹ̀.

Ìlànà yìí ni a gbàgbé. Lónìí, ìwọ̀n owó oṣù kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi ń san nọ́ọ̀sì, ìbáà wà ní Èkó, ìbáà wà ní ìlú kékeré tí yàrá ti pọ̀ jàǹtìrẹrẹ.

Ọ̀nà kẹta ni kí ìjọba kọ́lé. Láàárín 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ ilé tó lé ní 20,000 káàkiri Èkó: Ìjàyè, Abẹ́sàn, Òkè-Àfà, Ìbà àti àwọn ibòmíràn. Wọn kì í ṣe ilé aláràbarà, ṣùgbọ́n olùkọ́, akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì lè nawọ́ kàn wọ́n. Títí di òní, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé mẹ̀kúnnù, orúkọ Jákàńdè ni à ń dá. Ó yẹ kí èyí dójú ti àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí bírí. Láti 2003, ìjọba àpapọ̀ sọ pé òun kò fún òṣìṣẹ́ ní ilé mọ́, owó ni òun yóò máa fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ta ilé ìjọba káàkiri. Ní 2007, wọ́n ta ilé 1004 tó wà ní Victoria Island fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Lórí ìwé, ètò náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n owó tí a fi rọ́pò ilé kò tẹ̀lé iye tí ilé ń di lọ́dọọdún. Ẹni tó ta abo adìẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe kàyéfì pé kò sí ẹyin nílé mọ́.

Òfin náà gbìyànjú. Láti 1992 ni òfin ti wà pé kí a máa yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ sí àpò owó ilé, kí wọ́n lè yá owó kọ́lé lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yá owó náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ilẹ̀ tó péye, a sì mọ bí ìwé ilẹ̀ ṣe ṣòro gbà láti ìgbà tí òfin 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní 2011, Èkó ṣe òfin pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ní àwọn àdúgbò tó kù, ta ló máa fẹjọ́ onílé tí òun fẹ́ bá gbé sùn?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe kan ṣe ìṣirò. Ká ní nọ́ọ̀sì ń gba 200,000 náírà lóṣù, tó sì rí yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ ní 900,000 lọ́dún. Ẹ́jẹ́ǹtì béèrè ìdá mẹ́wàá, owó àgírímẹ́ǹtì tún jẹ́ ìdá mẹ́wàá. Ó di 1,080,000 náírà tí yóò kó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó oṣù márùn-ún gbáko kò tó o, kó tó jẹun, kó tó wọ ọkọ̀. Kì í ṣe pé ọdún kan kò lè gbé owó náà nìkan ni ìṣòro. Oṣù ni wọ́n ń fi san owó fún un, ọdún ni wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàfo àárín méjèèjì yìí ni gbèsè ti ń hù.

Ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé wọ́n ń kó ẹrù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé kò dọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ náà ń kígbe owó ilé. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń san án, ètò ìlera ìjọba sì ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú náà, níwọ̀n tí òfin fi ààlà sí. Àbá tí ìgbìmọ̀ Morgan fi síwájú wa ní 1964 náà nìyẹn. Àwọn ọmọ wa rìn jìnnà kí wọ́n tó bá a pàdé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ìjọba fi owó ìlú ọ̀wọ́n kún owó nọ́ọ̀sì Èkó. Kí a kọ́ kọ́tàsì sí ọgbà ilé ìwòsàn, kí a sì fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ tà á. Kí ìjọba máa san owó ọdún fún onílé, kí ó sì máa yọ ọ́ lóṣooṣù nínú owó òṣìṣẹ́. Kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú wọn. Àwọn baba wa ti dán púpọ̀ wò.

Lọ́jọ́ tí ara wa kò bá yá, ọwọ́ nọ́ọ̀sì la óò bọ́ sí. Ẹni tí kò sùn ni yóò máa wọn oògùn fún wa. Bí a kò bá rò ó nítorí tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rò ó nítorí ara wa.