Ta Ló Ni Orúkọ Creole?

Ká ní a pe ọkùnrin márùn-ún jọ sí yàrá kan, kí ọ̀kan ti Freetown wá, kí èkejì ti New Orleans ní Amẹ́ríkà wá, kí ẹ̀kẹta ti Lima ní ilẹ̀ Peru wá, kí ẹ̀kẹrin jẹ́ ará Háítì, kí ẹ̀karùn-ún sì ti erékùṣù Mauritius wá. Bí a bá bi wọ́n pé, "Kí ni ń jẹ́ Creole?", àríyànjiyàn yóò bẹ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ará Freetown á ní orúkọ ìran òun ni. Ará Lima á ní orin onígìtá ni. Ará Háítì á ní èdè tí ìyá òun fi tọ́ òun dàgbà ni. Ará New Orleans á ní ìdílé òun ni, á sì fi ọbẹ̀ kún un. Ará Mauritius ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ wo ojú àwọn tó wà níjokòó kí ó tó dáhùn, nítorí pé nílùú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí gbogbo èèyàn.

Gbogbo wọn ló jàre. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti rìn fún ohun tó lé ní irinwó ọdún, kò sì sí ibi tó dé tí wọn kò ti dá aṣọ tuntun fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ gbogbo aṣọ wọ̀nyí kúrò lára rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo la ó bá lábẹ́ wọn: ta ni ọmọ ibí, ta sì ni àlejò? Ẹ jẹ́ kí á tọ ọ̀rọ̀ náà láti orísun rẹ̀.

ẸRÚ NÍ BABA

Èdè Potogí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Criar" lédè wọn ni kí á tọ́ ọmọ, kí á wò ó dàgbà. Inú rẹ̀ ni "crioulo" ti jáde, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní "criollo". Ẹni tí a bí tí a sì tọ́ sínú ilé ni. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu gẹ́lẹ́. Láyé àtijọ́, ẹrú tí a rà lọ́jà yàtọ̀ sí èyí tí a bí sínú agbo ilé olówó rẹ̀. Ìbílé ni wọ́n ń pe ẹ̀kejì yìí.

Òǹkọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Garcilaso de la Vega. Cuzco ní Peru ni wọ́n bí i sí ní 1539. Ọmọ ọba Inca ni ìyá rẹ̀, ọ̀gá ọmọ ogun Sípéènì ni baba rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1609, ó ní àwọn èèyàn dúdú gan-an ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n fi ń ya ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun sọ́tọ̀ sí àwọn òbí tí a bí sí Áfríkà. Ó tún ní lójú wọn, ẹni tí a bí sí Áfríkà ló lọ́lá jù, nítorí pé ilẹ̀ baba rẹ̀ la bí i sí; inú òbí a sì máa bí bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pè é ní criollo.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Èèyàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè sọdá òkun, tí wọ́n tà bí ẹran, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ilé baba rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa kúkú ti wí i: ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

Garcilaso ní ẹnu àwọn dúdú ni àwọn ará Sípéènì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn náà fi wá ń pe ọmọ tiwọn tí a bí sí Amẹ́ríkà. Òyìnbó ni baba, òyìnbó ni ìyá, ṣùgbọ́n bí ipò ńlá bá ṣí sílẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sípéènì dé ni ọba máa ń fún jù. Ìbínú èyí wà lára ohun tó fa ogun òmìnira níbẹ̀. Simón Bolívar, tí wọ́n bí ní Caracas ní 1783, tó sì lé Sípéènì kúrò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, criollo ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹrú dá sílẹ̀ ni ọmọ olówó ẹrú fi gba ìlú.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N JÀ NÍ BAHIA

Ní Bràsíìlì, ara èèyàn dúdú ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Crioulo ni dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀. Africano ni ẹni tó wọ ọkọ̀ ẹrú dé. Ìpínyà yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Lóru 24 mọ́jú 25 January 1835, àwọn Mùsùlùmí dúdú dìde ogun ní ìlú Salvador, ní Bahia. Nagô ló pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá. Haúsá náà wà níbẹ̀. Àwọn crioulo ńkọ́? Wọn kò bá wọn dá sí i. Àwọ̀ kan náà ni, ọjà ẹrú kan náà ni, ṣùgbọ́n crioulo gbọ́ Potogí láti kékeré, ó ní ẹbí nílùú, ọ̀nà òmìnira sì sún mọ́ ọn ju ti africano lọ.

Lẹ́yìn ogun náà, ìjọba Bahia ṣe òfin lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n bu owó orí lé àwọn ọmọ Áfríkà tó ti gba òmìnira, wọ́n sì ní wọn kò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Òfin náà kò kan crioulo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí i pé ilẹ̀ náà kò gbà wọ́n mọ́ ló kó ẹrù wọn, tí wọ́n padà sí Èkó, Ouidah àti Porto-Novo. Àwọn la wá ń pè ní Àgùdà.

ORIN TI NEW ORLEANS

Faransé ló kọ́kọ́ ni New Orleans, Sípéènì gbà á, kí Amẹ́ríkà tó rà á pọ̀ mọ́ gbogbo Louisiana ní 1803. Àwọn tí wọ́n ti bí síbẹ̀ kí àwọn àjèjì tó dé, funfun ni o, dúdú ni o, ní Creole ni àwọn. Nígbà tó yá, àwọn funfun fẹ́ gba orúkọ náà fún ara wọn nìkan. Bẹ́ẹ̀ àwọn Creole aláwọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ọmọlúàbí, oníṣẹ́ ọwọ́, tó ń sọ Faransé, tó sì ń ka orin lórí ìwé.

Ọ̀kan nínú wọn ni Homer Plessy, aránbàtà. Ní 1892 ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó, kí wọ́n lè gbé òfin náà dé kóòtù. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi. Bó ṣe di pé Creole aláwọ̀ àti dúdú yòókù ń jẹ nínú àwo ìyà kan náà nìyẹn.

Àdúgbò ìyà yẹn ni orin jáàsì ti hù. Creole tó kọ́ orin nílé ìwé pàdé dúdú tó gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóko, ohùn méjèèjì sì wọra. Jelly Roll Morton, atẹ-dùùrù olókìkí, Creole ni. Nígbà tí King Oliver kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ tí wọ́n ṣe àwo jáde ní 1923, Creole Jazz Band ló sọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ Louis Armstrong tó ń fọn fèrè níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Creole rárá. Orúkọ náà ti di ohun tó ń pe oníbàárà. Ní ìgbèríko Louisiana, àwọn Creole dúdú dá orin zydeco sílẹ̀, tí wọ́n ń fi àkọ́díọ̀nù ṣe, tí wọ́n sì ń ha páànù tí wọ́n gbé kọ́ àyà. Clifton Chenier, ọ̀gá wọn, gba ẹ̀bùn Grammy ní 1984.

Ní Peru ẹ̀wẹ̀, orin "criolla" jẹ́ ti gìtá àti àpótí onígi tí àwọn dúdú ibẹ̀ ń jókòó lé lórí lù. Láti 1944, 31 October ni ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní tiwọn.

ÈDÈ TÍ WỌ́N NÍ KÒ PÉ

Lóko ìrèké, wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ẹ́ púpọ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ń fi ọ̀rọ̀ olówó wọn gbọ́ ara wọn yé, àwọn ọmọ wọn sì sọ ọ́ di èdè odindi. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ní Faransé tó bàjẹ́ ni. Irọ́ ni o! Ní Háítì, "m ap manje" ni mò ń jẹun. "M te manje" ni mo ti jẹun tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìṣe kò ṣe yí padà, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré ló ń ṣáájú rẹ̀ láti sọ àkókò, bí "ń" àti "ti" ti ṣe ń ṣe lẹ́nu tiwa. Èdè tó ní òfin kì í ṣe èdè tó bàjẹ́.

Síbẹ̀, láti ìgbà tí Háítì ti gba òmìnira ní 1804, Faransé ni wọ́n fi ń dájọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé. Ìgbà tó di 1987 ni òfin ìlú tó gbé èdè Creole sí ipò kan náà pẹ̀lú Faransé.

Ti Mauritius tún yàtọ̀. Gbogbo ìran ibẹ̀ ló ń sọ èdè náà, títí kan àwọn tí baba wọn ti Íńdíà wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹrú nìkan ni wọ́n ń pè ní Creole, ọ̀pọ̀ wọn ló sì tòṣì. Ní February 1999, olórin wọn, Kaya, kú sí àtìmọ́lé ọlọ́pàá, ìlú sì gbiná fún ọjọ́ mélòó kan. Ní 2012 ni èdè náà wá di ẹ̀kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN ARÁ ILÉ WA NÍ FREETOWN

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Àwọn dúdú tó ti gba òmìnira ló kọ́kọ́ tẹ Freetown dó: àwọn kan láti Nova Scotia ní 1792, àwọn mìíràn láti Jàmáíkà ní 1800. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kó wọn lọ síbẹ̀. Àwọn Yorùbá ló wá pọ̀ jù nínú wọn. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821, wà nínú wọn. Nítorí "ẹ kú" tó ń fìgbà gbogbo wà lẹ́nu wọn, Akú ni wọ́n sọ wọ́n.

Ìran tuntun tó jáde níbẹ̀ ni Krio. Bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á ṣe "komojade". Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe sàráà fún òkú ọ̀run, wọ́n á ṣe "awujoh". Èwo la fẹ́ ní kí wọ́n túmọ̀ fún wa níbẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, bí Akintola Wyse tó kọ ìtàn wọn ní 1989, kò gbà pé Creole ni kí á máa pè wọ́n. Wọ́n ní Krio ti wá láti inú "a kiri yó" ti Yorùbá, nítorí bí wọ́n ti máa ń kiri ilé ara wọn lẹ́yìn ìsìn. Àwọn mìíràn ní Creole náà ni. Lójú tèmi, ohun tí ìjà náà fi hàn ju ẹni tó borí lọ: èèyàn fẹ́ kí orúkọ òun ti ilé baba òun wá, kì í ṣe láti ọjà ẹrú.

Láti nǹkan bí 1839, ọ̀pọ̀ Akú wọkọ̀ padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Ní Freetown, ìkíni Yorùbá ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Nígbà tí wọ́n wá délé, kí la pè wọ́n? Sàró, ìyẹn Sierra Leone! Lọ́hùn-ún, ará ibí ni wọ́n. Níbí, ará ọ̀hún ni wọ́n. Àgùdà náà jẹ irú rẹ̀: africano ni wọ́n ní Bahia, ará Potogí ni wọ́n lójú wa. Ìbílé la pe Creole níbẹ̀rẹ̀, ìbílẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ ẹ sì ń wá: ilẹ̀ tí a kò ti ní bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti wá gan-an?" Ẹni tó bá tún fẹ́ bi ẹnìkan léèrè yẹn lónìí, kó rántí pé àwa náà ti bi ọmọ ìyá wa rí, lẹ́bàá òkun Èkó.