Kí Ni Tìrẹ Gbé Dání? Bí Tíìkì Ṣe Gba Ilé Lọ́wọ́ Ìrókò Nílẹ̀ Yewa

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ wà, bóyá aṣọ lẹ ń fọ̀, ẹ tẹ́tí sí mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ igbó la fẹ́ sọ lónìí: bí tíìkì, igi àjèjì láti Éṣíà, ṣe di onílé ní Ìlaròó, tí ìrókò tó jẹ́ onílé sì ń ṣọ̀wọ́n. Ìtàn ìjọba àti owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú hóró irúgbìn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń dáko láàárín Ìlaròó sí Ayétòrò. Bàbá Ayétòrò la máa ń pè wọ́n. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní ilẹ̀ kan tó ṣófo, àwọn tó ń ra igi sì ti ń sọ fún wọn pé tíìkì ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀. Èmi ọmọ ìgboro, tí mo ti ka nǹkan lórí fóònù, ní rárá, ìrókò ni. Mo wá hóró ìrókò, mo fọ́n ọn sábẹ́ igi kòkó wọn, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, tí òòrùn kò ti mú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ri obì gbànja mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, obì mẹ́jọ ti yọ ewé. Ìrókò tèmi? Díẹ̀ ló hù, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò ga tó ìka mi. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́. Bàbá wá bi mí pé, "Obì gbé oúnjẹ dání wá. Kí ni tìrẹ gbé dání?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ètò tòní.

Hóró ìrókò kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Kílò kan rẹ̀ máa ń ju 300,000 hóró lọ. Gbànja tó tóbi dáadáa lè wọn giráàmù 20. 50 péré ti di kílò kan. Ẹ ṣírò ó: obì kan wúwo tó hóró ìrókò 6,000, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wà nínú gbogbo ìwúwo yẹn? Oúnjẹ ni. Awẹ́ obì tí à ń là fún àlejò, ilé ìṣúra ọmọ igi ni. Bí obì bá wà nínú ilẹ̀, awẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ gbòǹgbò àti ewé àkọ́kọ́ kí igi náà tó lè fi ìmọ́lẹ̀ òòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè dúró nínú ibòòji fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Hóró ìrókò kò ní irú ìṣúra bẹ́ẹ̀. Kété tó bá hù ni ebi ti ń pa á, òòrùn nìkan ló sì lè bọ́ ọ.

Kì í ṣe Bàbá nìkan ló rí èyí. Ní 1942, Edward Salisbury, onímọ̀ ewéko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tó ti wọn irúgbìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko ibẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó ń hù nínú ibòòji igbó sábà máa ń ní irúgbìn tó wúwo ju ti àwọn tó ń hù ní gbangba. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Michelle Leishman àti Mark Westoby ní Ọsirélíà tún ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Àmọ́ ẹ má pe hóró kékeré ní ọ̀lẹ o. Bó bá rí òòrùn tó pọ̀, ọmọ igi tó ti inú hóró kékeré jáde sábà máa ń yára sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po ju ti hóró ńlá lọ. Ó tún lè rìnrìn àjò. Àdán ló ń jẹ èso ìrókò, òun ló sì ń gbé hóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Obì ńkọ́? Bí ènìyàn tàbí ẹranko kò bá gbé e, abẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Kódà láàárín irú igi kan ṣoṣo, hóró tó tóbi sábà máa ń bí ọmọ tó kọ́kọ́ ga jù, ṣùgbọ́n bí ewé bá ti ń ṣiṣẹ́ tán, ìyàtọ̀ náà á máa dín kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ìtàn. Ní 1899, ìjọba àwọn òyìnbó ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1902, tíìkì wọ orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó yá, igbó ọba dé ọ̀dọ̀ wa náà, ní Ìlaròó àti Eggua, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Ẹ̀gbádò. Ọdún 1995 ni orúkọ Yewa dé.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú gbin ìrókò? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Phytolyma ló bà á jẹ́. Ó ń yé ẹyin sí ọ̀mùnú ìrókò, ewé á wú bí eéwo, á jẹrà, orí igi á sì kú. Igi ńlá lè fara da èyí. Ọmọ igi tí kò ní ìṣúra kankan kò lè fara dà á.

Tíìkì náà kò fẹ́ràn ibòòji, hóró inú èso rẹ̀ kò sì tóbi. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ló yàtọ̀. Wọ́n á gbin èso rẹ̀ sí nọ́sìrì ní gbangba òòrùn fún nǹkan bí ọdún kan, títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi nípọn bí àtàǹpàkò. Wọ́n á wú u, wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á gé ìdí gbòǹgbò, yóò wá ku igi kúkurú bíi pákò. Ẹ lè dì í bí ìdì igi ìdáná, kí ẹ gbé e lọ síbi tó jìnnà. Bó bá dé inú ilẹ̀, á rú. Ẹ ò rí i? Ènìyàn ló ṣe awẹ́ obì fún tíìkì. Ìṣúra tí kò sí nínú hóró, wọ́n kó o sínú gbòǹgbò.

Wọ́n tún fún un ní olùtọ́jú. Láti ìparí àwọn ọdún 1920, ní Sapoba lápá Ẹdó, ètò taungya bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó wá láti Burma. Wọ́n á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba láti gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín ọmọ igi. Àgbẹ̀ ń ro oko tirẹ̀, igi ń jẹ àǹfààní. Bí igi bá ti bo ilẹ̀ tán, àgbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀.

Ní 1944, wọ́n tún gbìyànjú fún àwọn igi onílé, nínú àwọn igbó ńlá tó wà lápá ìlà oòrùn wa. Wọ́n fi májèlé pa igi tí wọn ò fẹ́, kí òòrùn lè wọlé bá àwọn ọmọ igi. Òòrùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìtàkùn ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n pa ètò náà tì.

Tiwa tún le jù, nítorí etí igbó la wà. Igbó ńlá tó ti Sierra Leone wá dáwọ́ dúró ní Gánà, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàárín wọn, ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dàn ló pọ̀. Ìwádìí ẹrẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni igbó ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní etí bẹ́ẹ̀, bí a bá gé igi, koríko àti iná ọdọọdún ló sábà máa ń ṣáájú ọmọ igi débẹ̀. Tíìkì tí a gé á rú láti ara kùkùté rẹ̀. Hóró ìrókò tí àdán jù sílẹ̀ á hù, iná á sì jó o.

Kí la wá ṣe sí ilẹ̀ Bàbá? Wọ́n gbin tíìkì sí ìdajì, nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ kì í dúró de ìrókò. N kò bá wọn jiyàn. Ní ìdajì kejì, a tún ìrókò gbìn, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí inú ọ̀rá nọ́sìrì ni, lójú òòrùn, pẹ̀lú omi àti ilẹ̀ dúdú. Ìgbà tó dé orúnkún la tó gbé e lọ sóko, a fọ́n wọn káàkiri sáàárín igi mìíràn kí kòkòrò má baà rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ kú. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà láyé.

Àwọn àgbà ní ìgbà tí ìrókò bá wà ní kékeré là á pẹ̀ka rẹ̀, torí bó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà. Mo ti wá rí i pé ìgbà kékeré yẹn gan-an ló nílò wa jù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ọmọ igi níbi ètò igi gbíngbìn, kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ bi í léèrè ìbéèrè Bàbá: kí ni eléyìí gbé dání? Bí kò bá gbé nǹkan kan dání, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ awẹ́ obì rẹ̀ o.

Bí ẹ bá gbádùn ètò yìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.