Àwọn Ìyá Wa Ní Èkìtì Mọ Bí A Ṣe Ń Kọ̀

Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀ tó láàbò, a máa ń ṣe bí ẹni pé inú ìwé òyìnbó ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òfin ti wà nílẹ̀ kí kọ́ńdọ̀mù tó dé. Abiyamọ kì í sún mọ́ ọkọ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Àwọn àgbà gbà pé àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́. Èyí ni kì í jẹ́ kí ọmọ gun ara wọn léra. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò de baba ilé: ó lè ní ìyàwó mìíràn, tàbí àlè níta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n I. O. Orubuloye, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì, gbé ìwé jáde lórí ìtakété yìí ní 1981. Ní 1991, òun àti John Caldwell pẹ̀lú Pat Caldwell láti Australia tẹ ìwádìí jáde nípa bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń ní olólùfẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ní 1993, wọ́n gbé ìbéèrè mìíràn yẹ̀ wò: ṣé obìnrin Yorùbá lè kọ̀ fún ọkọ tó lárùn? Ìdáhùn wọn ni pé ó lè ṣe é. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Obìnrin tí àṣà ti fún láyè láti kọ̀ nítorí ọmọ kò ní ṣàì mọ bí a ṣe ń kọ̀ nítorí àtọ̀sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú nìyí. Lára ọkùnrin, àtọ̀sí sábà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀: ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Kòkòrò HIV lè gbé ara ènìyàn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láìsí àmì kankan. Kí ni obìnrin yóò rí tí yóò fi kọ̀?

Bẹ́ẹ̀, àrùn náà kò dúró. Láàárín àwọn aláboyún tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà, ó jẹ́ ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1991. Nígbà tó di 2001, ó ti di 5.8. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé éèdì wà rárá, àfìgbà tí Fẹlá kú ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera tẹ́lẹ̀, sì sọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́ kejì pé éèdì ló pa á.

Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa ìlera wà ní Ìjerò, wọ́n sì ń kọ́ni níṣẹ́ dókítà ní Adó. A lè ka gbogbo ọ̀nà tí HIV ń gbà ranni láì wo ìwé. Síbẹ̀, ojú ń tì wá láti ra kọ́ńdọ̀mù ní kẹ́mísì tí ẹni tó ni ín mọ màmá wa, a sì tún ń fi ojú lásán wo ẹni tó mọ́ tónítóní, ká ní kò lárùn. Àwọn ìyá wa lo ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tiwọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rí tiwa. Ẹ jẹ́ kí tọkùnrin tobìnrin jọ lọ ṣe é, kí a sì má ṣe gbàgbé kọ́ńdọ̀mù, nítorí àwa náà la ó máa bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́la.