Èéfín Sìgá, Ẹ̀dọ̀ àti Ìwọ̀n Oògùn

Bí dókítà bá bi aláìsàn bóyá ó ń mu sìgá, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ló sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn náà yẹ kó nípa lórí ìwọ̀n oògùn pẹ̀lú, àti pé fún àwọn aláìsàn kan, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣíwọ́ sìgá mímu gan-an ló yẹ ká ṣọ́ wọn jù.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ọ̀pọ̀ oògùn palẹ̀ kí ara tó lè gbé wọn dànù. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. CYP1A2 sì ni èyí tí àkóbá sìgá hàn lára rẹ̀ jù. Nígbà tí tábà bá ń jó, àwọn èròjà bíi benzo[a]pyrene máa ń bá èéfín jáde. Tí wọ́n bá dé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, wọ́n á so mọ́ purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní AhR, ìyẹn á sì jí àbùdá tó ń pèsè CYP1A2. Bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni oògùn ń tètè pòórá nínú ẹ̀jẹ̀. Sìgá 7 sí 12 lóòjọ́ ti tó láti gbé e dé òkè téńté. Nicotine kò lọ́wọ́ sí èyí. Nítorí náà, ẹni tó fi ṣingọ́ọ̀mù oní-nicotine rọ́pò sìgá kò yàtọ̀, ní ti CYP1A2, sí ẹni tó jáwọ́ pátápátá. Èéfín igbó ní tirẹ̀ ń gbé irú èròjà kan náà. Kódà ẹran tí wọ́n yan lórí èédú ní díẹ̀ nínú rẹ̀: ní 1976, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé ó ń dín oògùn phenacetin kù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́.

Clozapine ló jẹ́ ká rí ewu ibẹ̀ jù. Oògùn skisofréníà, àìsàn ọpọlọ kan, ni, tí wọ́n ń lò nígbà tí àwọn oògùn mìíràn kò bá ràn. Lára ẹni tó ń mu sìgá, èyí tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì ti ẹni tí kì í mu ún, bí ohun tí àwọn méjèèjì ń gbé mì tilẹ̀ dọ́gba. Dókítà rí i pé oògùn kò ràn, ó fi kún un. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn, níbi tí sìgá ti jẹ́ èèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2015 ti wí ní Nàìjíríà. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n Faber àti Fuhr, àwọn olùwádìí Jámánì, fi hàn ní 2004 pé ohun tí sìgá fi kún agbára CYP1A2 ń dín sí ìlàjì láàárín nǹkan bíi wákàtí 39. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀dọ̀ ti padà sí ipò rẹ̀, ìwọ̀n oògùn kò sì yí padà. Oògùn á wá gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀: oorun àsùnjù, itọ́ dídà, òòyì, kódà gìrì.

Olanzapine ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni theophylline tí àwọn oníkọ́ fée ń lò. Kaféènì inú kọfí àti obì náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó ṣíwọ́ sìgá tí kò dín obì jíjẹ kù lè máa gbọ̀n, kí oorun dá lójú rẹ̀, kí àwọn ará ilé sì rò pé òùngbẹ sìgá ló ń dà á láàmú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ohun tó ń tẹ̀ lé ìgbà tí aláìsàn bá padà sílé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá, ẹ́ńsáìmù tún gbéra, oògùn dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, àìsàn sì yọjú. Àwọn ẹbí á ní ó ti ń da oògùn nù, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀sùn ńlá ni wọ́n fi ń kan ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá sọ èyí fún aláìsàn, kò ní fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá mọ́. N kò gbà. Oògùn tí ẹni tó jáwọ́ yóò nílò á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, owó tó ń ná lórí rẹ̀ á sì dínkù. Faber àti Fuhr dábàá pé kí á máa dín irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 10 nínú 100 lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ kẹrin. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn oògùn inú ẹ̀jẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ oorun àti ìrìn aláìsàn. Kí wọ́n kọ iye sìgá tó ń mu sínú fáìlì lọ́jọ́ tó wọlé, kí wọ́n sì pe àwọn ẹbí jókòó lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, kí wọ́n ṣàlàyé pé bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sìgá, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún.